Ilé Yín Ni, Bàbá

Ẹnu mi ló pa mí. Kì í ṣe olè, kì í ṣe iná, kì í sì í ṣe àwọn ayálégbé tí wọn kò sanwó lásìkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà fi ojú mi rí màbo. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo sọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo sọ ọ́, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń fi hàn. Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, kí ẹnikẹ́ni má retí pé n óò rọra sọ ọ́.

Ọkọ mi kú nígbà tí n kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà síbi tó ti wá. Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, àwọn ará ilé ọkọ mi pè mí jókòó, wọ́n ní kí n yan ẹni tí yóò ṣú mi lópó nínú àwọn àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rèé, èmi ni mo ń nu ikun nímú rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré! Mo ní rárá o, ẹ dákun. Mo di ẹrù mi, mo padà sí agbo ilé bàbá mi ní Adó.

Wọn kì í lé obìnrin tó bá padà sílé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fún un ní yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń sùn, lẹ́bàá igi ìdáná. Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí bàbá mi, ọmọ ìyàwó rẹ̀ àgbà, ló ń darí ilé nígbà náà nítorí bàbá ti ń darúgbó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yìí a máa fi ẹsẹ̀ gbá mi láàárọ̀ bó bá wá mú igi. Ó ní òun kò rí mi ni. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Èmi tí mo tóbi tó báyìí! Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún ara mi pé n óò kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, kí n gba ọ̀kan, kí àwọn àlejò tó ń wọ Adó máa sanwó lórí mẹ́ta tó kù. Ẹlòmíràn bímọ, ọmọ yóò bọ́ ọ lọ́jọ́ alẹ́. Èmi kò ní. Nígbà tí ọrùn mi kò bá lè ru iyọ̀ mọ́, owó ilé ni yóò máa bọ́ mi, n kò sì ní máa wo ojú ìyàwó ẹnì kankan kí n tó jẹun.

Iyọ̀ àti aṣọ ni mo ń tà. Òṣogbo ni mo ti ń rà wọ́n, níbi tí rélùwéè ń já ẹrù sí. Níbi tí mọ́tò kò bá dé, ẹsẹ̀ ni. Níbi tí mọ́tò bá dé, tí owó mọ́tò bá sì wà, a dúpẹ́. Mo ń tà ní Adó, mo ń tà ní Ìyìn, mo ń tà títí dé Ìjan. Agolo mẹ́ta ni mo pín owó mi sí. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ owó ọjà. Ebi ì báà pa mí kú, n kò gbọdọ̀ fi í jẹun. Ìkejì ni owó oúnjẹ. Ìkẹta ni owó ilé. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ jó ẹnu ti ìkẹta yìí pa, kó fi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ tí sísì, owó kọ́bọ̀ mẹ́fà, lè gbà wọlé tí kò lè gbà jáde. Bó bá ti kún, mo fọ́ ọ, mo fi owó inú rẹ̀ ra páànù wá láti Òṣogbo.

Bẹ́ẹ̀ ni, páànù ni mo kọ́kọ́ rà, kí n tó ní ilẹ̀ rárá. Mo ti rí àwọn tó mọ ògiri tán kí wọ́n tó máa wá owó òrùlé. Òjò ló gba ilé lọ́wọ́ wọn. Mo to páànù sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ́ ẹní lé e, mo ń sùn lé e lórí kí wọ́n má baà jí i. Bí mo bá yí ara padà, gbogbo ilé á gbọ́ gbàràmù. Wọ́n sọ mí ní ìyàwó páànù. Wọ́n á ní, "Ọkọ rẹ tún ń kùn o." Èmi náà á ní, "Ọkọ tèmi kì í mu ẹmu, kì í sì í fẹ́ ìyàwó kejì." A jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dé inú mi.

Ọdún karùn-ún ni páànù pé. Mo lọ bá bàbá mi, mo sọ ohun tí mo fẹ́. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú àdá, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun, ó mú mi lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìjan, ibi tó ti ń gbin iṣu rí kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó ṣá. Ó fi àdá sàmì sára igi mẹ́rin. Ó ní, "Ó tó ọ?" Mo ní, "Ó tó mi, bàbá." Ìyẹn ni gbogbo ìwé tí a kọ.

Mo gba àwọn amọlé. Wọ́n gbẹ́ amọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n mọ ipele kan, a dúró kó gbẹ, wọ́n tún mọ òmíràn lé e. Owó mi ni mo fi ń san gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ẹbí wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló kó wọn wá, àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì, ọmọ ìyá mi, náà wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ amọ̀ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, wọ́n jẹ iyán mi láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́. Iyán yẹn wọ́n ju amọ̀ lọ! Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá gba alágbàṣe lọ́jọ́ yẹn, kí n sì jẹ́ kí ẹbí jókòó jẹ́jẹ́ sílé wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa kó tó lè yé e. Ní Èkìtì, ẹni kan kì í jẹ́ "ẹ̀yin". Bí bàbá tó bí ọ lọ́mọ ló jókòó síwájú rẹ, "ìwọ" lo máa pè é, kò sì sí àrífín kankan níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú ìkúnlẹ̀, ọ̀wọ̀ wà nínú ohùn. Bí a bá sọ pé "yín", ènìyàn púpọ̀ là ń bá wí, ó parí. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, ọ̀tọ̀ ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pe ìyá oníyọ̀ ní "ìwọ", ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí iyọ̀. Ó ní, "Ará Èkìtì, ta lò ń pè ní ìwọ? Ṣé èmi àti ìwọ la jọ ń ṣeré òṣùpá ni?" Kò tà fún mi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ ahọ́n mi, ẹ̀yin níhìn-ín, yín lọ́hùn-ún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára, mo sì ń fi ṣe fáàrí nílé pé mo ti di ẹni tó rìn jìnnà. Wọ́n a máa sín mi jẹ. N kò gbọ́, n kò gbà.

Ọjọ́ ìṣílé dé. Ẹbí kún ilé, àdúgbò kún ìta, oòrùn ń ta sórí páànù mi, ó ń dán gbinrin. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri bí ẹni tó ń dán ìkòkò wò lọ́jà. Ó bojú wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ulé yèsí rè é?" Ulé là ń pe ilé lọ́dọ̀ wa, ó ń béèrè pé ilé ta nìyí. Ó mọ̀. Ó fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ létí gbogbo àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Báwo ni mo ṣe wá lè sọ pé ilé mi ni fún bàbá tó fún mi nílẹ̀? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí àgbà bá yin ẹ̀wù ọrùn rẹ, ṣebí wàá dá a lóhùn pé, "Tìrẹ ni." Mo kúnlẹ̀ gbì, mo ní, "Ilé yín ni, bàbá." Yín! Fáàrí Òṣogbo ló wọ̀ mí lẹ́nu. Ariwo ta. Obìnrin ilé kan kígbe lẹ́yìn pé, "Ẹ gbọ́ o! Ó ní ilé gbogbo wa ni!" Gbogbo wọn hó yèè, ẹ̀gbọ́n mi fò sókè, ó ní, "A gbà, a gbà!" Inú mi ń dùn. Bí wèrè ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Àwọn ayálégbé mi pé kí oṣù kejì tó parí. Akọ̀wé kan tó ti Abẹ́òkúta wá gba yàrá iwájú. Ọmọ náà mọ́ tónítóní, "Màmá" ló ń pè mí, bí mo bá sọ pé ulé báyìí, á fi ọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ kan, Mùsùlùmí, gba ìkejì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, kì í jẹ́ kí oṣù yọ kó tó san ṣílè mẹ́ta mi. Ìkẹta ni òṣómàáló kan láti Iléṣà, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gbowó. Òun gan-an wá ni kì í san owó ilé! Bí oṣù bá ti parí, á ní òun ń lọ gbowó ní Ìkéré. Ọjọ́ kan, mo jí kó tó jí, mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bó ti ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Òṣó ni n óò ló gba owó mi lónìí." Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá yìí, ó yẹ kí o bá mi ṣiṣẹ́." Ó sanwó oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún mélòó kan ni mo fi gbádùn. N kò lówó o, ṣùgbọ́n mo ń sùn lórí ibùsùn nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo mọ iye tó ń wọlé. Mo mọ iye tí n óò yà sọ́tọ̀ fún páànù tó bá jò àti ògiri tó bá sán. Mo tilẹ̀ san owó orí fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tí wọ́n fẹ́ tì í mọ́lé.

Lẹ́yìn náà ni kòkó dojú dé. Kòkó tí wọ́n ń jà lé lórí tẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó rẹ̀ ra kìkì iyọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò ra aṣọ lọ́wọ́ òṣómàáló mọ́, wọn kò rán aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ mọ́. Gbogbo wọn jẹ mí ní owó ilé. Àwọn kan ní kí n lé wọn. Kí n lé wọn kí n fi yàrá òfìfo ṣe kí ni, kí n máa fi sin eku? Mo ní kí wọ́n máa san ṣílè méjì títí ayé yóò fi rọ̀. Èmi náà ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, mo ń ta iyọ̀ ní ìwọ̀n kékeré, n kò sì fọwọ́ kan agolo owó ọjà. A là á já. Ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún padà sí ṣílè mẹ́ta. Mo ní kí ẹ mọ̀ ọ́n: ọ̀wọ́n kò gba ilé mi. Èmi tí mo wà láàyè yìí la ebi já pẹ̀lú ilé mi lọ́wọ́.

Àsìkò òjò kan ni bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ewé ni wọ́n fi bo ilé tirẹ̀, ó sì ti jẹrà. Òjò ń ro tótó sórí arúgbó náà. N kò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sí yàrá mi, èmi sì tẹ́ ẹní sí àárín ilé. Ó lò tó oṣù méjì. Mo ń fún un ní ẹ̀kọ, mo ń nù ún lára. Bí òjò bá ń rọ̀, á tẹ́tí sí ìró rẹ̀ lórí páànù, á ní, "Kò jò." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo owó ilé lọ. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ló mí kanlẹ̀ tó sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún bí ọmọdé. Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Bàbá kì í ṣe ẹni à ń sin sábẹ́ ewé jíjẹrà. Ibi tó kú sí yìí ni yóò sùn." Gbogbo ẹbí ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yí padà sí mi, wọ́n ń kí mi, wọ́n ní mo gbé bàbá níyì, wọ́n ní mélòó lọmọ ọkùnrin tó lè sin bàbá rẹ̀ sábẹ́ páànù. Èmi ìyàwó páànù! Orí mi wú. Àbí kí n purọ́? Orí mi wú.

Akọ̀wé fà mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nínú ilé yín. Ilé tí wọ́n bá ti sin òkú bàbá sí, ilé ẹbí ló ń dà. Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sin ín sí àgbàlá tiwọn." Ẹ ò bá gbọ́ ohun tí mo wí fún un! Mo bi í bóyá ajá ló bí i. Mo ní ṣé nítorí ṣílè mẹ́ta ni kí n fi bàbá mi fún òjò. Mo ní ọmọ ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n sin bàbá tirẹ̀ sí ni yóò máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ náà rọ, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá," ó wọlé lọ. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ láàárín yàrá mi. Aṣọ tí a fi wé bàbá, èmi ni mo rà á lọ́wọ́ òṣómàáló.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní kò sí ìjà, ṣùgbọ́n òun kò lè máa kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì inú ilé. Ó san owó rẹ̀ pé pérépéré, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ rù. Kí n tó rí ẹlòmíràn fi sí i, ẹ̀gbọ́n mi ti kó ìyàwó rẹ̀ kékeré sínú yàrá náà. Mo rò pé àlejò ló wá ṣe. Oṣù parí, ó pe akọ̀wé àti òṣómàáló jáde, ó ní láti òní lọ, òun ni kí wọ́n máa kó owó ilé fún. Mo ní, "O ní kí ni?" Ó wò mí pẹ̀lú ìyanu, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ohun tí kò bójú mu. Ó ní, "Àbúrò mi, ilé bàbá nìyí. Èmi ni àkọ́bí."

Mo pariwo. Mo ka páànù kọ̀ọ̀kan fún un láti Òṣogbo dé Adó. Mo ní, "Owó orí rẹ ńkọ́, ta ló san án?" Ó ní, "Ìwọ ni, mo sì dúpẹ́. Láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ta ló ń ka irú ìyẹn?" Akọ̀wé ní kí n gbé e lọ sí kóòtù. Mo ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo gbé e lọ síwájú àwọn àgbà àdúgbò dípò bẹ́ẹ̀, nítorí mo gbà pé àwọn mọ̀ mí, wọ́n rí mi lórí páànù yẹn. Akọ̀wé bá mi lọ. Láìka gbogbo èébú mi sí, ó bá mi lọ.

Wọ́n gbọ́ tẹnu mi, wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Ó sọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀, ó ní gbogbo ẹbí ló tẹ amọ̀ ilé náà. Ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó ní ti bàbá ni. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ bi í léèrè ohun tó sọ níjọ́ ìṣílé."

Àgbà tó jókòó sáàárín ní, "Kí lo sọ?"

Mo ní, "Mo ní, ilé yín ni, bàbá."

"Yín?"

"Bàbá nìkan ni mo ń bá wí! Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Òṣogbo nìyẹn."

Ó ní, "Òṣogbo la wà?"

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, òótọ́ ló ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kan ṣoṣo là ń pè ní ẹ̀yin." Àgbà náà tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Ọmọ àlejò, èmi tó ò ń wò yìí, ṣé méjì lo rí?" Ẹ̀rín ta. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi pàápàá rín. Àgbà náà yí padà sí mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá mélòó lo ní?"

Mo ní, "Ọ̀kan."

Ó ní, "Ẹnì kan kì í jẹ́ yín. Ẹbí lo fún, wọ́n sì gbà á lójú gbogbo wa." Mo ní ọ̀wọ̀ ni, pé ọ̀wọ̀ lásán ni mo ń bù fún bàbá mi. Ó mi orí. Ó ní, "Ó dára. Ká gbà pé bàbá nìkan lo fún. Bàbá ti kú. Ta ló ń jogún bàbá?" Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá èsì sí ìbéèrè yẹn, n kò tí ì rí i. Ó ní, "Òkú rẹ̀ wà nínú ilé náà, ìwọ lo gbé e síbẹ̀, o ṣe dáadáa. Ọmọ kì í gba owó lórí bàbá rẹ̀ kó nìkan jẹ ẹ́."

Báyìí ni wọ́n pín in. Yàrá mi, tí bàbá sùn sí, di yàrá ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá aránṣọ di ti ìyàwó rẹ̀. Owó yàrá méjì tó kù, wọn yóò máa pín in sí ìdí mẹ́ta, nítorí ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́. Mo béèrè ibi tí èmi yóò máa sùn. Wọ́n ní àárín ilé gbòòrò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kékeré ti to igi ìdáná síbẹ̀.

N kò sùn níbẹ̀. Mo ní kàkà kí n sùn níbẹ̀, n óò kúkú sùn sábẹ́ igi. Aránṣọ gbọ́, ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n fún mi ní yàrá kan lágboolé wọn, ṣílè méjì lóṣù. Mo tú agolo owó ọjà, mo san oṣù mélòó kan sílẹ̀. Nígbà tí mo tú agolo yẹn, mo mọ̀ pé mo ti parí. Láti ìgbà náà, n kò lọ sí Òṣogbo mọ́. Ọwọ́ àwọn tó lọ ni mo ti ń ra iyọ̀, mo ń fi ife kékeré wọ̀n ọ́n tà. Wọ́n gbé akọ̀wé lọ sí ìlú mìíràn lọ́dún yẹn. Ó wá dágbére. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo ń sun. Ẹlòmíràn gba yàrá rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pín owó ilé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo ti pinnu ohun tí n óò ṣe. N óò gba owó náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, n óò jù ú lù ú lójú níwájú gbogbo wọn, n óò sì sọ fún un pé kó fi kún owó orí rẹ̀. Mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu bí mo ṣe ń lọ lọ́nà Ìjan, àwọn tí mo bá pàdé rò pé orin ni mò ń kọ.

Wọ́n tẹ́ ẹní sí yàrá ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi to ṣílè mẹ́fà sórí rẹ̀. Ìdí mẹ́ta, ṣílè méjì méjì. Ó gbé méjì síwájú ọmọ ìyá mi, àwa mẹ́ta la sì wà: àwọn àbúrò mi méjèèjì àti èmi. A ṣẹ́ ṣílè méjì sí kọ́bọ̀ mẹ́rìnlélógún, ó kan olúkúlùkù ní kọ́bọ̀ mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa kọ́bọ̀ mẹ́jọ tèmi jọ, ó nà án sí mi. Ó ní, "Àbúrò mi, gba tìrẹ. Bó o tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, a kò ní yọ ọ́ sílẹ̀ láé." Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Owó oṣù tí mo san sílẹ̀ ti tán. Ọ̀la ni wọn yóò béèrè ṣílè méjì lọ́wọ́ mi, ó sì ku kọ́bọ̀ mẹ́fà kó pé. Mo wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo ojú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, mo gbà á. Mo ní, "O ṣeun, bàbá mi." Gbogbo wọn ní a dúpẹ́, a tọ́pẹ́ dá. Mo so owó náà mọ́ etí aṣọ, mo jáde nílé tí mo kọ́, mo sì lọ san owó yàrá fún onílé mi.